Ọjọ́ tí Àjàgbé Ọmọ Akéde Pa Ẹnu Mọ́ fún Bàálù Méjì

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn! Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹni tó ní ikọ́ lọ wú u tán níta kó tó wọlé, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe èyí tí à ń dá láàárín ariwo. Oyèkànmí ni mo fẹ́ kì, Àjàgbé ọmọ akéde, ọmọ olóhùn gbọ̀ngbọ̀n, ọmọ ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí òkè tí àwọn tó ń fọ aṣọ létí odò dáhùn pé "Ẹ ní kí ni?" Àjàgbé tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, tí itọ́ kì í gbẹ lọ́fun rẹ̀, akọni tó jókòó sójú kan nínú ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú Òkè-Ìrókò, tó ń pàṣẹ fún irin tó ń fò, tí irin sì ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ bá mi kí i, kí ẹ sì kí i dáadáa.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Kì í ṣe ọmọ àná, kì í ṣe ọmọ ìjẹta. Bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀ ni Akéde Ọ̀tẹ́gbadé, tó jẹ́ pé bó bá lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì la ẹnu, tọkọtaya tó ń jà á dá ìjà dúró, wọ́n á jọ gbọ́ ìkéde náà tán kí wọ́n tó tún dìde síra wọn. Òun ló kéde ewúrẹ́ Ìyá Olókìtì tó sọnù, tó kéde rẹ̀ lówùúrọ̀, tó kéde rẹ̀ lọ́sàn-án, tó kéde rẹ̀ títí ewúrẹ́ ọ̀hún fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, nítorí ariwo náà kò jẹ́ kó rí koríko jẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló rọ́pò rẹ̀, òun ló sì fi ọjọ́ ọjà kan kí gbogbo ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn, ẹ káàárọ̀ ti di ẹ kú alẹ́. Bàbá Àjàgbé ní tirẹ̀ ń pe èrò sọ́kọ̀ ní ibùdókọ̀, ó sì ń pè é débi pé àwọn tí kò ní ìrìn àjò kankan a máa bá ara wọn nínú ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Obìnrin tó kí ẹni tó ń sùn pé ẹ kú oorun, tó tún un kí, tó tún un kí, títí onítọ̀hún fi jí dìde láti dá a lóhùn. Nínú ilé yẹn, òwe kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Àjàgbé ti jáde, kó tó kàwé, kó tó gba ìwé ẹ̀rí, kó tó gun àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ lọ jókòó síwájú rédà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo àwọn àmì kéékèèké tó ń rìn lójú ẹ̀rọ bí èèrà nínú àwo, kó mọ èyí tó jẹ́ bàálù wo, kó sì máa sọ fún àwọn awakọ̀ lórí rédíò pé ìwọ yà díẹ̀, ìwọ dúró níbẹ̀ ná, ìwọ máa bọ̀ nílẹ̀. Àwọn olùdarí yòókù a máa sọ tiwọn ní ṣókí, bí òfin ṣe wí. Àjàgbé? Họ́wù! Á kọ́kọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, á wá fi Yorùbá dì í lẹ́yìn: ẹ kú ìrìn o, ẹ kú atẹ́gùn, ará ilé ńkọ́? Àwọn awakọ̀ tó gbọ́ èdè wa a máa rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò gbọ́ a rò pé ara àṣẹ ni, wọ́n á sì máa wá "ẹ kú ìrìn" nínú ìwé òfin. Ó fẹ́ràn máìkì ọ̀hún ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá pè é pé kó wá jẹun, á ní ẹ jẹ́ kí n kí tọ̀nà Ìlọrin yìí tán.

Àwọn àgbà ló ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni wọ́n rí, wọn ò rí bàálù. Eré tí bàálù ń sá pọ̀ débi pé kí àwọn méjì tó rí ara wọn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Ìdí rèé tí wọ́n fi fi ẹ̀rọ kan sínú wọn, tíkáàsì ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Bí bàálù kan bá súnmọ́ èkejì jù, tíkáàsì ti méjèèjì á bá ara wọn sọ̀rọ̀ kíá, wọ́n á pín ọ̀nà láàárín ara wọn, ọ̀kan á kígbe mọ́ awakọ̀ tirẹ̀ pé "Gòkè!", èkejì á kígbe pé "Sọ̀ kalẹ̀!" Kí awakọ̀ ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ dúró gbàṣẹ, bí ọba ilé ìṣọ́ fúnra rẹ̀ bá ń pariwo ohun mìíràn, kó má dá a lóhùn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tó wà nílẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Ọwọ́ awakọ̀ kún, kó tó rí èémí fi sọ fún ilé ìṣọ́ pé tíkáàsì ní kí n gòkè, ẹni tó wà nílẹ̀ ti lè sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti rí i? Ẹ̀rọ ń tì í sókè, èèyàn ń fà á sísàlẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ohun tuntun wá sí Òkè-Ìrókò: bí tíkáàsì bá ti ké nínú bàálù báyìí, ìròyìn igbe náà á bọ́ sójú rédà pẹ̀lú àwọ̀ pupa, ọfà kékeré á sì tọ́ka sí bóyá òkè ni bàálù ń lọ tàbí ìsàlẹ̀. Ilé ìṣọ́ á rí i, á mọ̀ ọ́n, kò ní sọ òdìkejì rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló bá a wá. Bí pupa bá yọ, kí olùdarí dákẹ́ títí àwọn awakọ̀ fi máa sọ̀rọ̀.

Dákẹ́! Ẹ wá sọ fún ẹja pé kó má lúwẹ̀ẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi bàálù inú kọ̀m̀pútà dán wọn wò, bàálù eré tí kò gbé ẹnikẹ́ni. Olórí ilé ìṣọ́ ni Màdáámù Dáwódù, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ máa ń rí èyí tí ẹ fi pamọ́ lẹ́yìn. Òun ló dúró tì wọ́n. Pupa yọ fún Sàláwù tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Àjàgbé, Sàláwù dákẹ́, ó yege. Pupa yọ fún Àjàgbé. Ó rántí òfin, kò pàṣẹ kankan. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí àmì kékeré méjì yẹn tó ń rọ́ lọ bá ara wọn, àánú ṣe é, ó tẹ bọ́tìnnì máìkì, ó ní:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ rọra o, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ni nínú wa tí kò ní sọ ọ́? Ẹni kan fẹsẹ̀ kọ lójú pópó, a ní pẹ̀lẹ́. Àwo fọ́ lọ́wọ́ ará ilé kejì, a ní pẹ̀lẹ́. Àwa kọ́ la ti í, àwa kọ́ la fọ́ ọ, a ṣáà ní pẹ̀lẹ́, nítorí ẹni tó bá rí ìnira ẹlòmíràn tí kò kí i, ẹranko ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n rédíò ilé ìṣọ́ kì í ṣe ojú pópó. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni méjì bá sọ ọ́ pọ̀, kìkì ariwo ṣììì ni gbogbo wọn máa gbọ́. Bí Àjàgbé ṣe ń kẹ́dùn yẹn gan-an ni awakọ̀ inú kọ̀m̀pútà ń gbìyànjú láti sọ ibi tó ń gbà, tí èkejì ò gbọ́ ọ. Ojú ẹ̀rọ tàn yòò, ó ṣókùnkùn, bàálù eré méjèèjì ti di ìtàn. Sàláwù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Àjàgbé, o fi pẹ̀lẹ́ pa wọ́n!"

Màdáámù Dáwódù kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó mú Àjàgbé jáde sórí àtẹ̀gùn.

"Àjàgbé, mo mọ̀ pé ọmọlúwàbí ni ẹ́. Ọjọ́ tí pupa bá yọ lójú rédà gidi, tí mo sì gbọ́ ohùn rẹ kí àwọn awakọ̀ tó sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀, o ò ní fọwọ́ kan máìkì mọ́ láyé. Yàrá fáìlì ni wàá lọ."

"Mà! Yàrá fáìlì kẹ̀? Kò sí èèyàn níbẹ̀, mà."

"Mo mọ̀," ni Màdáámù wí.

Ẹ̀rù bà á. N ò ní bò ó mọ́ yín lójú. Yàrá tí kò sí ẹni tí èèyàn lè kí àfi aáyán, níbi tí wọn kì í dáhùn bí èèyàn bá ní ẹ káàsán! Ó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dánra wò. Ó jókòó síwájú oúnjẹ, kò sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Móyọ̀, wò ó títí, ó fọwọ́ kàn án níwájú orí.

"Bàbá Móyọ̀, ṣé kì í ṣe ibà?"

Ó mi orí. Obìnrin náà figbe ta, àwọn ará ilé tú jáde, wọ́n ń bi í pé ta ló kú. Nígbà tó fi máa ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé ńṣe lòun ń kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́, ó ti sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń sọ lójoojúmọ́ lọ. Ó wá yé e pé ogun tó wà níwájú òun yìí, kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé òun tó jà á rí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mímọ̀ ọ́n kò dí ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ ogun pé. Ọyẹ́ ti gba gbogbo òkè, ètè gbogbo èèyàn ti bó, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ṣì mọ́ tó fún bàálù láti máa lọ, kó sì máa bọ̀. Ọ̀sán náà ni Alàgbà Ṣóyẹmí gúnlẹ̀ láti olú-iléeṣẹ́, àgbàlagbà tó ti jẹ ọ̀gá kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, tí ẹ̀wù agbádá rẹ̀ nìkan gba ìdajì yàrá rédà. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tuntun yìí. Ó wá dúró lẹ́yìn àga Àjàgbé, Màdáámù Dáwódù dúró tì í. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, ó kí i, ó kí agbádá, ó kí ọ̀nà tó gbà wá, ó padà jókòó, ó so ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ mọ́ orí.

Bàálù méjì ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀kan ni Lékèélékèé, tó kún fún èrò dẹ́múdẹ́mú, tó ń bọ̀ wá balẹ̀. Kápútéènì Ìbídùn ló wà á, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń tutù bí omi inú àmù. Èkejì ni Àwòdì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀, tí kò kó ẹrù, tí kò kó èrò, tó fúyẹ́. Àjàgbé ti sọ fún Àwòdì pé kó gòkè dé ibi báyìí, lábẹ́ Lékèélékèé, kó sì dúró níbẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ dáhùn pé òun gbọ́, ó sì gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ewúrẹ́ tí okùn já lọ́rùn rẹ̀ kì í rọra jáde lágbàlà. Eré tí Àwòdì tó fúyẹ́ yìí ń bá gòkè pọ̀ ju bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe rò lọ, kó tó fà á dúró, ó ti kọjá ibi tí wọ́n ní kó dúró sí.

Àjàgbé kò tíì rí i. Lójú tirẹ̀, Àwòdì ti dúró, ọ̀nà ti là, ó kù kó sọ fún Lékèélékèé pé kó yà sápá ọ̀tún kó máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Ó na ìka sí bọ́tìnnì. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́fun, ó ti gun ahọ́n, ó ti dé ẹ̀yìn eyín.

Pupa yọ.

Ẹ̀yin ará, pupa yọ gbàà lójú rédà! Ọfà Lékèélékèé tọ́ka sókè, ọfà Àwòdì tọ́ka sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ inú bàálù méjèèjì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti pín ọ̀nà, Ìbídùn ti ń fi gbogbo agbára fa bàálù rẹ̀ lọ sókè pẹ̀lú gbogbo èrò inú rẹ̀, ó sì ku èémí kan kí akọni wa sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ikú. Ibẹ̀ ni Oyèkànmí ti di ọkùnrin! Ibẹ̀ ni ọmọ akéde ti gbé ìjà tó ju ti àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ! Ó pa eyín pọ̀ mọ́ "sọ̀ kalẹ̀" náà gbàgà, ó há a mọ́ ẹnu, ó fi ahọ́n tì í sẹ́yìn, ó gbé e mì tòun ti egungun. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kọ̀rọ̀ lọ́fun rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ. Ó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó gbé ọwọ́ kúrò lórí iná.

Ṣé ẹ rò pé ogun ti tán? Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kìíní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ túká yẹn. Pẹ̀lẹ́ dìde! Pẹ̀lẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi fún un mu pọ̀ mọ́ ọmú, Pẹ̀lẹ́ arọ́gun-má-sá, ó ti inú ikùn Àjàgbé gbéra, ó ń bọ̀, ó ń fi èjìká gba ohun gbogbo tó wà lọ́nà. Àjàgbé wo àmì méjèèjì tí wọ́n ń súnmọ́ ara wọn, ó ronú nípa àwọn èèyàn inú Lékèélékèé, omi dé sójú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń ká láti sọ "pẹ̀." Kí ló kù kó ṣe? Ọmọ akin já fìlà orí rẹ̀, fìlà abetí-ajá tí wọ́n fi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ rán, ó ká a, ó tì í bọ ẹnu. Gbogbo rẹ̀, àtetí àtìdí. Ẹnu akéde kún fọ́fọ́, Pẹ̀lẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó bá aṣọ òkè níbẹ̀, kò rọ́nà gbà.

Ìgbà náà ni Alàgbà Ṣóyẹmí, tí ọfà tuntun náà kò tíì yé, bú sígbe lẹ́yìn rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun náà kò lè wà níbẹ̀ kó máa wòran.

"Kí lò ń wò? Bá wọn sọ̀rọ̀! Sọ fún tòkè yẹn kó sọ̀ kalẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò gbọ́ mi ni?"

Háà! Kí àgbà máa báni sọ̀rọ̀, kí á má dá a lóhùn! Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ Àjàgbé láti ìgbà tó ti ń rá, kò sí èyí tó le ju èyí lọ. Ọmọ tí àgbà pè tí kò jẹ́, wọ́n á bi ìyá rẹ̀ pé ṣé ó ya odi ni. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Bí ó bá yọ fìlà dá àgbà lóhùn, ẹnu á ti ṣí, kò sì sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Pẹ̀lẹ́ ò ní bá a jáde. Bí kò bá dáhùn, ó ti di ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ níwájú ọ̀gá àgbà. Ló bá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ilé ìṣọ́ kankan. Ó yí padà lórí àga, fìlà ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Alàgbà láìfọhùn. Okùn ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ kò gùn tó, ó fà á lórí padà sẹ́yìn gìrì, bẹ́ẹ̀ ló wà, àyà nílẹ̀, orí lókè, ojú rẹ̀ sì tún padà sára rédà, kò kúrò níbẹ̀. Alàgbà ya ẹnu. Màdáámù Dáwódù rọra gbé ọwọ́ lé àgbà lápá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ wọn."

Gbogbo yàrá dákẹ́. Sàláwù, ẹlẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Àmì méjèèjì súnmọ́ ara wọn débi pé wọ́n dà bí ẹyọ kan.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ohùn kan ti wọlé, ó mọ́ ketekete nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ̀rọ̀.

"Àwòdì rèé. Tíkáàsì wa ti ké, à ń sọ̀ kalẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Ìbídùn, kò tutù tó ti tẹ́lẹ̀: "Lékèélékèé rèé. Tíkáàsì wa ti ké, à ń gòkè. Mo gbọ́ Àwòdì."

Òfin ní kí olùdarí dá wọn lóhùn wàyí, ṣùgbọ́n kó má fi ohunkóhun lé e. Àjàgbé dìde, ó fa fìlà jáde. Ó tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo ìdílé rẹ̀, láti orí Ọ̀tẹ́gbadé títí dé orí ìyá tó ń kí ẹni tó ń sùn, ń tì í lẹ́yìn pé kó sọ ọ́, kó sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Àjàgbé wí.

Ó sì jọ̀wọ́ bọ́tìnnì. Mo gbọ́! Ẹ gbé e wò! Kò sí ẹ kú ewu nídìí rẹ̀, kò sí ẹ kú orí ire, kò sí ará ilé ńkọ́. Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tó ti ẹnu ọmọ ilé náà jáde láti ìgbà tí wọ́n ti dá agogo wọn!

Àmì kan tó dà bí ẹyọ kan pín sí méjì. Ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Pupa kú lójú rédà. Ìbídùn ní àwọn ti kọjá ara wọn, pé òun ń padà sí ibi tí òun wà tẹ́lẹ̀. Àwòdì ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èémí jáde lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá yẹn, agbádá Alàgbà sì fò díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Ìbídùn tún bọ́ sórí rédíò, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, ohun tí kò ṣe rí.

"Ilé ìṣọ́, mo gbọ́ gbogbo ohun tí Àwòdì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n ò ní kó tún un sọ. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ ò sọ̀rọ̀."

Ẹ ṣé tí ẹ ò sọ̀rọ̀! Wọ́n ti yin àwọn baba rẹ̀ fún ohùn, wọ́n ti fi aṣọ ta wọ́n lọ́rẹ fún ariwo, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n yìn rí nínú wọn fún irú èyí? Àjàgbé ní òun gbọ́. Ó darí Lékèélékèé sọ́nà ilẹ̀ bó ṣe yẹ, ní ṣókí.

Alàgbà Ṣóyẹmí ní tirẹ̀ ṣì ń bínú. Ó ní irú ọmọ wo nìyí, tí òun ń sọ̀rọ̀ sí, tó ń jẹ fìlà. Màdáámù Dáwódù kò bá a jiyàn. Ó ní kí Sàláwù dá àwòrán rédà padà sẹ́yìn, ó sì fi ìka hàn án: níbí yìí ni ẹ ti ní kí tòkè sọ̀ kalẹ̀, sà, níbí yìí sì ni tìsàlẹ̀ wà nígbà náà. Àgbà wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ fìlà tirẹ̀ náà, ó wá jókòó sórí àga Sàláwù láìbèèrè.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "bó o bá gbọ́ tèmi ni, èmi ni ǹ bá pa wọ́n."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà," ni Àjàgbé wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màdáámù Dáwódù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo fìlà tó ti di rírin lọ́wọ́ rẹ̀. "Orí àga yẹn ni wàá ti fẹ̀yìntì," ni ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àjàgbé padà sórí àga rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń wo ìta láti ojú gíláàsì.

Lékèélékèé balẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú ọyẹ́. Bàbá kan ń na ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. Ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ jà pé níbo ló sọ bàtà kan sí. Ọkùnrin kan ti ń pariwo lórí fóònù pé òun ti dé o, pé ìrìn àjò náà kò ní wàhálà kankan, àfi ìgbà kan tí inú òun ru díẹ̀, bóyá ẹ̀wà tóun jẹ láàárọ̀ ni. Ẹnì kankan nínú wọn kò gbé ojú sókè wo ilé ìṣọ́.

Nítorí náà, èmi ni mo gbé e sókè fún wọn! Kí Òkè-Ìrókò gbọ́, kí ọ̀nà Ìlọrin gbọ́, kí gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ lójú ọ̀run àti gbogbo ohun tó ní ẹnu nílẹ̀ fetí sílẹ̀! Kí àwọn tó bá fẹ́ kọ orúkọ akọni sára òkúta fi àyè ńlá sílẹ̀! Mo kéde pé lọ́jọ́ yẹn, lójú àgbà, lójú ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé nínú ẹnu rẹ̀, Oyèkànmí Àjàgbé, ọmọ akéde, ọmọ olóhùn gbọ̀ngbọ̀n, rí bàálù méjì tó ń lọ pàdé ara wọn, kò sì sọ nǹkan kan.